"Ẹ jẹ́ n lọ mú owó nínú mọ́tò"

Tọ́sìdeè. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá díẹ̀, wọn ò tíì mú iná lọ (ẹ jẹ́ n yáa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́), ẹsẹ̀ sì ń ro mí bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Ìwó Road dé Mọ́níyà.

Bàbá kan wá sí fámásì wa lónìí. Wọ́n na ìwé tí dókítà kọ sí mi, wọ́n ní kí n bá àwọn ṣírò ẹ̀, mo ṣírò ẹ̀, mo sọ iye tó jẹ́, wọ́n mirí, wọ́n ní "kò burú, ẹ jẹ́ n lọ mú owó nínú mọ́tò." Mo wo sálúbàtà ẹsẹ̀ wọn, mo wo káàdì ọsibítù tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé mọ́ra, mo ti mọ̀ pé kò sí mọ́tò kankan níta, tí bàbá yìí bá fi lè jáde báyìí, ó dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá gbé wọn padà wá. Mo yáa ní, "Bàbá, ṣé kí n wọn gbogbo ẹ̀ ni, àbí ti ọ̀sẹ̀ kan ná? Báyẹn náà làwọn èèyàn ń rà á." Wọ́n dúró. Wọ́n ní ti ọ̀sẹ̀ kan ná. Mo wá bá wọn wá amlodipine míì (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn) tí owó ẹ̀ ò ga tó ti èyí tí wọ́n kọ, páálí ló yàtọ̀, oògùn inú ẹ̀ ò yàtọ̀, owó wọn sì ká ti ọ̀sẹ̀ méjì pàápàá.

Ọmọdébìnrin tó ń ṣe intern lọ́dọ̀ wa ní, "Àǹtí, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọn ò ní mọ́tò?" Mo ní ibi tí mo ti ń bu àmàlà ni mo ti kọ́ ọ. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà.

Ọdún 2013 ni. Ọmọ ọdún 17 ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ 100 level, àtilọ àtibọ̀ inú ọgbà ò tíì yé mi tán tí ASUU fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Keje, gbogbo wa rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni, àṣé Oṣù Kejìlá ni wọ́n máa tó fòpin sí i. Ìyá mi wò mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí mo ṣe ń sùn, tí mò ń jí, tí mò ń tẹ fóònù, wọ́n ní ilé àwọn kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rẹ́ wọn kan ń ta àmàlà nítòsí ọjà Bódìjà, Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n, ni wọ́n bá ní kí n lọ máa ràn wọ́n lọ́wọ́, ₦500 lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Mo sunkún. Mo ní èmi tí mò ń kọ́ fámásì, kí n wá máa fọ abọ́?

Mo fọ abọ́ o. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Màmá ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sún mọ́ ìkòkò, kí n fọ abọ́, kí n ṣa ewédú lára igi ẹ̀, kí n bó ẹ̀wà gbẹ̀gìrì, kí n tún fọ abọ́. Ọjọ́ tí èlùbọ́ tuntun dé, mo gbé àpò tuntun lé orí ti àtẹ̀yìnwá, Màmá rí i, wọ́n pariwo mọ́ mi débi pé àwọn alátẹ ìta gbọ́: "Èyí tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ jáde! Ṣé o fẹ́ kí kòkòrò máa dúró dè ẹ́ ni?" Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́kíṣọ́rà kan dúró níwájú wa, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń to oògùn, pé èyí tó máa kọ́kọ́ expire ni kó wà níwájú, gbogbo kíláàsì ń kọ ọ́ sílẹ̀, èmi kàn ń rí àpò èlùbọ́ lójú mi ni.

Nígbà tí wọ́n gbà mí láyè láti máa bu oúnjẹ, wàhálà míì nìyẹn. Kọ́sítọ́mà ò ní rọra sọ̀rọ̀. "Àmàlà mẹ́rin, abùlà, ògúnfe méjì, ṣàkì kan, má fi gbẹ̀gìrì pọ̀ o," kó tó mí, ẹni ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń sọ tiẹ̀. Òfin Màmá ni pé kí n pe ohun tí mo gbọ́ padà sókè kí n tó ki ṣíbí bọ ìkòkò. Mo kórìíra ẹ̀ nígbà yẹn, ó ń ṣe mí bíi pé mo di ẹyẹ ayékòótọ́. Lónìí, tí dókítà bá pè mí láti wọ́ọ̀dù, kò sí bí ojú ṣe lè kán an tó, mo máa pe orúkọ oògùn àti ìwọ̀n ẹ̀ padà sí i létí, torí Lasix àti Losec jọra lórí fóònù, èkíní ń lé omi jáde lára, èkejì jẹ́ ti inú tó ń ta èèyàn.

Àsìkò Jímọ̀ kan wà, alákùnrin kan ti mọ́ṣáláṣí dé, ó wọ jalamíà funfun gbòò, mo gbé abọ́ kọjá lórí ẹ̀, gbẹ̀gìrì dà sí apá aṣọ ẹ̀. Mo ti ń ṣàlàyé pé ẹni tó wà lẹ́yìn mi ló tì mí. Màmá ò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n ti mú omi àti aṣọ inura dé, "Ẹ jọ̀ọ́ Alhaji, àwa la jẹ̀bi, ẹ má bínú," wọ́n bu òmíràn fún un, ọkùnrin náà jẹun, ó lọ. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti wá bi mí bó ṣe jẹ́. Wọ́n sì yọ ₦200 nínú owó ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ₦200 yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní, mi ò ní purọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ bàbá òní yẹn, ibi tó ti wá nìyí. Ọmọ iṣẹ́ bíríkìlà kan wà tó máa ń wá, sìmẹ́ńtì ò ní tíì kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Àmàlà márùn-ún, ọbẹ̀ lásán. Ó máa ń sọ pé òun kì í jẹ ẹran lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan èmi olóhùn gooro ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò séran rárá?" Gbogbo àga ló yíjú. Ó rẹ́rìn-ín, ó jẹun wàràwàrà, ó di ọ̀sẹ̀ kejì ká tó rí i. Màmá pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọn ò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní, "Ẹni tí ò lówó ẹran mọ̀ pé òun ò lówó ẹran. Kí lò ń bá a kéde ẹ̀ fún?" Láti ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n máa bi gbogbo èèyàn, alájípù o, ọlọ́kadà o, ohùn kan náà: "Ṣé kí n fẹran sí i, àbí ọbẹ̀ nìkan?" Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé àwọn tó ń sọ pé "ọbẹ̀ nìkan" pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, àní àwọn míì so táì mọ́rùn.

Intern wa ní ó yẹ kí gbogbo ọmọ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Mo ní kó rọra. Èmi nílé tí mò ń sùn sí, mo sì mọ̀ pé ilé ìwé ṣì ń dúró dè mí. Ọmọ ọdún 13 kan wà tí a jọ ń fọ abọ́. Nígbà tí wọ́n fòpin sí ìdaṣẹ́sílẹ̀, mo kó ẹrù mi, mo dágbére, òun ṣì wà nídìí abọ́ níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ nínú ọṣẹ. Kò sẹ́ni tó máa fi tiẹ̀ kọ CV.

Mo ṣì ń ronú nípa ìyẹn nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi voice note ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó ti ṣe JAMB, ó ń dúró de admission, àwọn kan tó ń ta ṣàwámà ní Àkóbọ̀ fẹ́ gbà á, ẹ̀rù ń bà á pé àwọn ọmọ kíláàsì òun máa rí òun nínú épúróònù. Mo ní kó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n máa san, ọjọ́ tí wọ́n máa san án, àti bóyá wọ́n ń yọ owó tí nǹkan bá bàjẹ́. Ó ní òun ti bi wọ́n, kí òun wá ní Mọ́ńdè, aago méje àárọ̀. Ó wá ní, Àǹtí, ṣé òun lè fi earpiece sétí tí òun bá ń ṣiṣẹ́?

Mo ní kó fi sí etí kan, kó fi èkejì gbọ́ ariwo ọ̀gá ẹ̀.