Ẹ Jẹ́ Kí Orúkọ Yín Wà Lórí Tíkẹ́ẹ̀tì: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Géètì Rélùwéè

Ẹ̀yin ará wa tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Àbújá àti Kàdúná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ yín wò kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Nọ́ńbà fóònù ta ni wọ́n fi rà á? Bí kì í bá ṣe tiyín, ẹ má tíì gbéra. Kubwa ni mò ń gbé, Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ìyá mi ṣì wà ní Tudun Wada títí dòní, torí náà ọ̀nà ilé ni rélùwéè yìí jẹ́ fún mi. Ohun tí mo ti rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo ará ilé mi: géètì tí wọ́n ti ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ni ẹlẹ́rìí tẹ́ ẹ ní pé ẹ wọ ọkọ̀. Ẹ má gba ibòmíì kọjá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé torí owó nìkan ni wọ́n ṣe gbé géètì síbẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022 ló la ojú wa. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn agbébọn fi bọ́ǹbù ba ojú irin jẹ́ nítòsí Katari, wọ́n ya bo ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Àbújá, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó èyí tó lé ní ọgọ́ta lọ sínú igbó. Ní àdúgbò wa ní Tudun Wada, oorun ò kun ẹnikẹ́ni. Fóònù ń dún láti Ìlọrin, láti Ọ̀fà, láti Èkó. "Ṣé Ẹ̀gbọ́n ti délé?" "Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ní àwọn máa wọ̀ àbí ti ọ̀sán?" Èyí tó le jù nínú gbogbo ìbéèrè náà ni "Ṣé wọ́n tiẹ̀ wọ ọkọ̀ ọ̀hún?" torí kò sẹ́ni tó lè dáhùn rẹ̀.

Àjọ rélùwéè ilẹ̀ wa, NRC, jáde sọ pé èèyàn 398 ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n pé 362 ni géètì kọ sílẹ̀ pé wọ́n kọjá. Ẹ ro ohun tí ìyàtọ̀ yẹn túmọ̀ sí fún ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀. Géètì ló jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò sì débẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tí àwọn èèyàn fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan, láti mọ ẹni tó ti délé láyọ̀ àti ẹni tí a ò tíì rí. Ẹni tó bá ti ọwọ́ ẹnìkan wọlé láì gba géètì ńkọ́? Kò sí nínú 398, kò sí nínú 362. Kí ni ẹbí rẹ̀ máa mú lọ sí ọ́fíìsì láti fi sọ pé èèyàn àwọn wà nínú ọkọ̀ yẹn?

Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n tó tú àwọn tó kù sílẹ̀, ọkọ̀ sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá. Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ ọ́ di dandan pé NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fún ọmọ Nàìjíríà, lèèyàn máa fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló bínú sí i, wọ́n ní wàhálà ìjọba tún ti dé. Èmi dúpẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Bí tíkẹ́ẹ̀tì ṣe ń di rírà náà ti yàtọ̀ sí tàtijọ́. Nígbà tí ọ̀nà Idu, ibùdókọ̀ ti Àbújá, sí Rigasa, ibùdókọ̀ ti Kàdúná, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2016, ìdí fèrèsé la ti ń tò. Nígbà tó yá, àwọn kan sọ ọ́ di òwò: wọ́n á ní tíkẹ́ẹ̀tì ti tán lórí káńtà, ẹ ó sì rí i lọ́wọ́ ẹni tó dúró síta, ní iye tó bá wù ú. Oṣù Kìíní ọdún 2021 ni wọ́n gbé ètò rírà lórí íntánẹ́ẹ̀tì dé. Ó dín ìwà yẹn kù, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn ọ̀nà ẹ̀bùrú ò tíì fi ibẹ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí géètì ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀ rí. Kẹ́ ẹ tó dé ìdí rẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ gbé ẹrù yín gba inú ẹ̀rọ tó ń wo inú báàgì, àwọn agbófinró á yẹ ara yín wò. Lẹ́yìn náà lẹ ó kan àwọn ọ̀pá irin tó dí ọ̀nà, àyè ẹyọ èèyàn kan ló wà láàárín wọn. Àmì onígun mẹ́rin dúdú-funfun tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì lẹ ó gbé síwájú iná kékeré tó wà lára ẹ̀rọ náà. Bó bá kà á, irin á yọ̀ǹda, ẹ ó sì tètè kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣí fún àmì kan. Bí ojú fóònù yín bá ti fọ́ níbi tí àmì yẹn wà, tàbí tí ẹ dín iná ojú fóònù kù nítorí bátìrì, ẹ̀rọ ò ní rí i kà. Ìwé ni mo máa ń tẹ̀ tèmi sí, mo ká a lẹ́ẹ̀kan ní ibi tí kò kan àmì yẹn, mo sì fi í sínú pọ́ọ̀sì. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ìdí géètì lẹ ti máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ìyá àgbàlagbà kan wà níwájú mi nígbà kan. Ọmọ wọn tó wà l'Ékòó ló ra tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ rà á torí NIN tirẹ̀ ló mọ̀ sórí. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì rọra wo fóònù, ó wo ojú ìyá, ó ní, "Hajiya, orúkọ ọkùnrin ló wà níbí o." Ìyá ní, "Ọmọ mi ni, òun ló sanwó." Ọmọ náà ò rí wọn fín rárá, àmọ́ kò jẹ́ kí wọ́n kọjá. Àwa Yorùbá tó wà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ẹnìkan ń pariwo pé àgbàlagbà ni. Mo sún mọ́ wọn, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú sí i. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà, ọmọ yín tó wà l'Ékòó ni ìwé máa sọ pé ó wà nínú ọkọ̀ yìí. Ẹ̀yin ò ní sí níbẹ̀." Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní òótọ́ ni. A jọ lọ sí káńtà, a pe ọmọ wọn, a wá NIN wọn rí nínú àpò ìwé tí wọ́n kó ìwé ilé ìwòsàn sí, wọ́n sì ra tuntun fún ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Inú mi dùn sí ọmọkùnrin yẹn títí dòní.

Ẹni tó máa fẹ́ mú yín gba ẹ̀yìn kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ó máa ń mọ ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó ń sáré, tó ń wo aago. "Àǹtí, ẹ mú owó wá, mo mọ ọ̀gá kan níbẹ̀, ẹ ó jókòó." Wọ́n sọ ọ́ fún èmi àti àbúrò ọkọ mi níbùdókọ̀ kan, ọmọ náà sì ti ń tẹ̀ lé wọn lọ kí n tó fà á lọ́wọ́ padà. Owó yẹn ò dé àpò rélùwéè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àga fún yín. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ máa dúró sí títí dé Rigasa, kìlómítà 186 àti díẹ̀. Àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ọkọ̀ tún máa bá yín níbẹ̀, níwájú gbogbo èrò. Ìyẹn gan-an ò tó nǹkan lójú mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé èèyàn máa wà nínú ọkọ̀, kò ní sí nínú ìwé.

Ọkọ̀ rélùwéè inú ìlú Àbújá, èyí tó ń gba Idu lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi gbé èèyàn fún oṣù mélòó kan. Ó ti mọ́ àwọn kan lára láti ìgbà yẹn pé èèyàn kàn ń rìn wọlé ni. Ti Kàdúná kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ Idu wọnú méjèèjì, torí náà ẹ ṣàlàyé dáadáa fún onítakisí.

Àwọn bàbá wa tí rélùwéè gbé wá sí òkè Ọya láti Ọ̀fà àti Òṣogbo, páálí kékeré ni tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á fi irin lu ihò sí i. Bàbá mi máa ń sọ pé títí tí àwọn fi máa ń jáde ní téṣọ̀n ni páálí yẹn máa ń wà lọ́wọ́ àwọn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú tiyín. Nígbà tí ọkọ̀ Àbújá sí Kàdúná yà kúrò lójú irin ní Asham ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, àjọ náà dá owó padà fún àwọn èrò. Kí lẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ fi bèèrè tirẹ̀?

Ẹ má fi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì yín sórí WhatsApp láti fi han ayé pé ẹ ń rìnrìn àjò. Ẹni tó bá ya àmì yẹn sínú fóònù tirẹ̀ lè ṣáájú yín dé géètì. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ará ilé, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti jókòó, ni nọ́ńbà kóòṣì, nọ́ńbà àga, àti aago tí ọkọ̀ gbéra.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlọrin tàbí Èkó, tẹ́ ẹ máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún òbí tó ń gbé lókè Ọya, NIN tiwọn ni kẹ́ ẹ lò, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n máa mú dání gan-an ni kẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe èyí tó wà nílé lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ pè wọ́n kí ọdún Iléyá tó wọlé dé, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n ka lẹ́tà orúkọ wọn fún yín bó ṣe wà lórí ìwé NIN náà.