Ibi tí wọ́n ti gé fíìmù yẹn ni ọ̀rọ̀ wà

Láti àná ni ọ̀rọ̀ àwọn dọkumẹ́ńtárì (fíìmù tó ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ hàn) tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe láti fi na ilẹ̀ tiwọn lẹ́gba ti ń yí lọ́kàn mi, mo ní kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó sá mọ́ mi lọ́wọ́. Roger & Me ni mo tún wò, ti Michael Moore, 1989 ló jáde. Mo ti wò ó rí, àmọ́ lánàá ni mo wá fojú sí bí wọ́n ṣe to àwòrán ẹ̀ tẹ̀ léra.

Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan ni ìtàn yẹn ti ṣẹlẹ̀, ìlú tí wọ́n ti dá General Motors (GM), ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, sílẹ̀ ní 1908. Mọ́tò ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, mọ́tò ni wọ́n ń mu, bàbá Moore fúnra ẹ̀ abẹ́ GM ló ti ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá GM bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn fákítírì pa, wọ́n ń kó iṣẹ́ lọ sí Mẹ́síkò níbi tí owó òṣìṣẹ́ ò ti pọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dẹ̀ di aláìníṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Moore wá gbé kámẹ́rà, ó ní òun ń wá Roger Smith, alága GM, kó wá fojú ara ẹ̀ wo Flint. Ó lọ sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n lé e, ó lọ síbi tí àwọn olówó ti ń gbafẹ́, wọ́n lé e, bó ṣe ń lọ nìyẹn títí fíìmù fi fẹ́ parí. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn o, torí ilé iṣẹ́ ò lójú ò létí, ta lo fẹ́ bínú sí? Àmọ́ tí wọ́n bá fi ọkùnrin kan tó wọ kóòtù hàn ẹ́, tí ò dẹ̀ fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun léèrè ọ̀rọ̀, inú á bí ẹ dáadáa.

Ibi tó wá mú mi jù ni ti ọjọ́ tó ku ọ̀la Kérésìmesì. Roger Smith wà lórí pèpéle ní GM, àwọn akọrin ń kọrin, òun náà ń sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ àti inú rere àsìkò ọdún. Wọ́n gé e, wọ́n so àwòrán mìíràn mọ́ ọn. A bá ara wa ní Flint, ṣẹ́ríífù ń kó ẹrù ìdílé kan síta torí wọn ò rí owó ilé san, ìyá ń pariwo, igi Kérésì àwọn ọmọ náà dé títì, ohùn Smith dẹ̀ ń lọ lábẹ́ gbogbo ẹ̀, ó ń kí gbogbo ayé kú ọdún. Moore ò sọ pé ìkà lẹni yìí. Ìwọ tó ń wò ó lo máa fẹnu ara ẹ sọ ọ́, tó o bá dẹ̀ ti fẹnu ara ẹ sọ ọ́ tán, ta ló fẹ́ gbà á lẹ́nu ẹ? Èmi gbà pé ibẹ̀ ni agbára dọkumẹ́ńtárì wà, kì í ṣe inú àlàyé rẹpẹtẹ. Àwòrán méjì tí ò mọ ara wọn rí, wọ́n fi wọ́n síra wọn, ẹ̀sùn bí ara ẹ̀ láàárín wọn.

Ìyẹn náà ló fi yẹ ká máa ṣọ́ra, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọdún tí fíìmù yẹn jáde náà ni akọ̀ròyìn Harlan Jacobson bi Moore lọ́rọ̀ nínú ìwé ìròyìn Film Comment, pé kí ló dé tí ọdún ò tò bó ṣe yẹ. Nínú fíìmù, ó dà bíi pé lẹ́yìn tí GM kéde ní 1986 pé àwọn ń ti àwọn fákítírì pa ni Reagan wá sí Flint tó ra písà fún àwọn tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ọdún 1980 ni Reagan wá, kò tíì di ààrẹ. AutoWorld, ibi ìgbafẹ́ ńlá tí wọ́n kọ́ pé á máa fa àlejò wọ̀lú, 1984 ni wọ́n ṣí i, kò pẹ́ tó fi kógbá sílé, ó ti kú kí ìkéde 1986 tó dé. Ó dùn mí gan-an, torí ìyà Flint kì í ṣe irọ́ rárá. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n yí omi ẹ̀ padà sí ti odò Flint ní 2014 tí òjé fi wọ omi táwọn ọmọdé ń mu. Ẹni tí òtítọ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ tó báyìí, kí ló ń fa ọdún síwá sẹ́yìn fún? Ó kàn fún ọ̀tá lókùúta ni.

Ti Morgan Spurlock tún burú jùyẹn lọ lójú tèmi. Super Size Me, 2004, ó jẹ oúnjẹ ilé oúnjẹ kíákíá McDonald's fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko, ó sanra, dókítà figbe ta nítorí ẹ̀dọ̀ ẹ̀. Gbogbo wa gbà á. Ní 2017 ló wá kọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé látìgbà tóun ti wà lọ́mọ ọdún 13 lòun ti ń mutí, pé láti ọgbọ̀n ọdún òun ò tíì fi ọtí sílẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ̀dọ̀ wo la wá ń wò nígbà yẹn, ti oúnjẹ ni àbí ti ọtí?

Ti 13th tí Ava DuVernay ṣe ní 2016 ni mo fi tu ara mi nínú. Àtúnṣe kẹtàlá sí ìwé òfin Amẹ́ríkà ló gbé e kà, ti 1865, tó ní kò gbọdọ̀ sí ẹrú mọ́ àyàfi tó bá jẹ́ ìjìyà fún ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ọ̀ràn. Àyàfi yẹn ló dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ọdún ṣe ń lọ ni iye ẹlẹ́wọ̀n ń jáde lójú fíìmù, 357,292 ní 1970, ó ń gòkè ó ń gòkè títí tó fi di 2,306,200 ní 2014. Ó tún pe Newt Gingrich jókòó, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Rìpọ́blíkà paraku, òun náà wá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé bí wọ́n ṣe jẹ́ kí ìjìyà oògùn olóró cocaine olókùúta ju ti oníyẹ̀fun lọ, ẹrù ńlá ló jẹ́ fáwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹlẹ́rìí tó ti ìhà kejì wá máa ń wúwo ju ogún tó wà lẹ́yìn ẹ lọ. Kì í ṣe pé DuVernay ò mú àlùmọ́gàjí dání o, ó fi ohùn Trump tó ń sọ nípa ayé àtijọ́ sórí àwòrán ibi tí wọ́n ti ń ti aláwọ̀ dúdú kiri ní títì. Àmọ́ ó gé e lójú gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó máa rò pé ọjọ́ kan náà ni.

Mi ò tíì gbàgbé The Thin Blue Line, Errol Morris, 1988. Wọ́n pa pọ́lísì kan ní Dallas ní 1976, wọ́n dájọ́ ikú fún Randall Dale Adams. Morris fi eré ṣe òru yẹn léraléra, bí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ṣe sọ ọ́, títí ìwọ náà ò fi mọ èyí tó o fẹ́ gbà gbọ́ mọ́. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù, kámẹ́rà bàjẹ́, téèpù tó ń yí nìkan la ń wò, a ń gbọ́ ohùn ẹni tó jẹ́rìí tako Adams, tó ń jẹ́ kó yé wa pé Adams ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ní 1989 Adams jáde lẹ́wọ̀n.

Titicut Follies ti Frederick Wiseman ló kù tí mo fẹ́ wò lọ́la, ti 1967, nípa ibi tí wọ́n ń ti àwọn ọ̀daràn tí orí wọn ò pé mọ́ ní Bridgewater, Massachusetts. Ilé ẹjọ́ ò jẹ́ kí gbogbo èèyàn rí i títí di 1991. Asọ̀tàn ò sí nínú ẹ̀ rárá, Wiseman ò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Síbẹ̀ mo ti gbọ́ nípa ibì kan tí wọ́n ń ti rọ́bà gba imú ọkùnrin kan tó kọ oúnjẹ, tí wọ́n gé e sí ibi tí ọkùnrin yẹn ti di òkú, tí wọ́n ń fá irùngbọ̀n ẹ̀ fún ìsìnkú. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá màá gbà pé gígé yẹn tọ́ tí mo bá fojú ara mi rí i.