"Ojú mi kì í ṣe fìlà": ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì gbọ́

Ó pé ọdún 20 lóṣù yìí tí mo ti ń tọ́jú àwọn tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ǹ bá má kọ nǹkan kan, bí kì í bá ṣe ohun tí etí mi gbọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀kan nínú yín rí bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ kíndìnrín, ó ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín mà ti yọ o! Ara ti ń bọ̀ sípò." Ó rò pé òun ń yẹ́ ẹ sí ni. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ bo iwájú orí.

Àkọ́kọ́ nìyẹn: ẹ má kí wọn pé wọ́n sanra. Prednisolone, ọ̀kan lára oògùn tí wọ́n ń lò kí ara má bàa kọ kíndìnrín tuntun, ló ń kó ọ̀rá jọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn náà mọ̀.

Ìkejì, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú abẹ. Kíndìnrín àtijọ́ kì í sábà kúrò níbi tó wà. Ìsàlẹ̀ ikùn ni wọ́n ń fi tuntun sí, ọwọ́ lè bà á látìta. Mo ti rí ẹni tó ń fọwọ́ bò ó bí aboyún nígbàkúùgbà tí ọ̀kadà bá ń kọjá. Obìnrin kan sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun ti fún òun ní tirẹ̀, òun ò láyà àtibá a jà mọ́.

Ìkẹta ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó.

Ó tó ọdún 14 sẹ́yìn. Ọmọbìnrin ẹni ọdún 23 ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló fún un ní kíndìnrín, bàbá wọn sì ta oko kajú kí owó tó pé. Ciclosporin, tí òun náà kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín, wà lára oògùn rẹ̀. Kò pẹ́ tí irun fi hù sí i lágbọ̀n, tí èrìgì ń wú bo eyín. Lọ́jọ́ kan ó jókòó níwájú mi, ó tú ìborùn rẹ̀. Abẹ ìfárí ti gé e lójú méjì lágbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ síbẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ọlọ́kadà kan pè mí ní bọ̀dá ní Tákìé."

Mo ń kọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú fáìlì lọ́wọ́. N ò gbójú sókè. Mo ní, "Ikú tí ì bá pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ká dúpẹ́ ni."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ojú mi kì í ṣe fìlà, mà." Ó wé ìborùn rẹ̀ padà, ó lọ.

Inú bí mi. Mo ní kò moore. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1983 tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn yẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé ó ń hu irun. Mo mọ̀ pé tacrolimus, oògùn mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé dókítà lè wò ó bóyá ó ṣeé pààrọ̀, pé bí wọ́n bá ń dín prednisolone kù, ojú a máa rọlẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ fún dókítà.

Ìgbà méjì ló yẹ kó wá tí kò wá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, creatinine, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń fọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ti ròkè. Ìyá náà gbé agolo mílíìkì kan ka tábìlì mi, ó mì ín. Oògùn oṣù kan ààbọ̀ ló wà nínú rẹ̀. A sa gbogbo ipá, kíndìnrín náà kò jí. Ó padà sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ di ìhà rẹ̀ òsì mú, kò sọ nǹkan kan.

Dókítà àgbà kan fi yíǹkì pupa kọ "aláìgbọràn" sí fáìlì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí di òní. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ tèmi síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ fún wọn pé ẹ̀mí ló jù. Ta ni kò mọ̀? Ẹni tó ń sá fún dígí kò ní gbé oògùn tó ba ojú rẹ̀ jẹ́ mì nítorí pé ẹ pariwo mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ bi í bó ṣe ń rí ara rẹ̀ nínú dígí, kí ẹ tó ka oògùn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kó sunkún bó bá fẹ́ sunkún.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo bá bàbá onífìlà lábẹ́ igi máńgòrò níta. Mo bi í. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ọjọ́ mẹ́ta rèé tí òun ti lo oògùn kẹ́yìn. A jọ padà wọlé lọ bá dókítà.