Orúkọ mi wà lára ògiri

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa fi àwòrán sórí WhatsApp: kànga ẹ̀rọ tuntun, ọ̀dà búlúù, orúkọ gbogbo àwa tá a dáwó gàdàgbà lára ògiri. Tèmi ló ṣìkẹta. Ẹ ò mọ bí orí mi ṣe wú tó.

Nígbà tí mo délé fún ìtúnu àwẹ̀, ọwọ́ ẹ̀rọ ti kán. Wọ́n sá èlùbọ́ sórí kọnkéré rẹ̀. Àwọn obìnrin ń gbé kẹ́ẹ̀gì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sódò. "Ó ti tó oṣù mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n," ni ẹnì kan wí fún mi. Ẹ bi mí, kí ni ìwé ìpàdé wa wí? "Kànga ẹ̀rọ kan: ó ti parí."

Sòbìà, àrùn aràn téèyàn ń kó nínú omi odò, ló sọ sí mi lọ́kàn. Ìbàràpá ni wọ́n bí mi sí. Mo rántí bàbá mi lórí ẹní, lásìkò tó yẹ kó máa ṣán oko, tí wọ́n ń yí aràn funfun kan mọ́ igi pẹ́ńpẹ́, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Ó gbọ́dọ̀ má já. Àwọn àgbà ní sòbìà á degbò, olúgàǹbe là ń ké sí. A ké sí i títí.

Aṣọ asẹ́ wà lára ohun tó lé e lọ, èyí táwọn ará Carter Center, àjọ tí Jimmy Carter tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, ń pín, téèyàn fi ń sẹ́ omi odò kó tó mu ún. Ta ló máa kọ orúkọ sára aṣọ asẹ́? Àmọ́ wọ́n ń kà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà á jákèjádò Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tó mú lé ní 650,000. Àwọn tí sòbìà ṣì ń mú ni wọ́n ń kà kiri abúlé, kì í ṣe iye aṣọ tí wọ́n pín nìkan. Wọ́n tiẹ̀ ṣèlérí owó fún ẹni tó bá fi ẹnì kan tí sòbìà mú hàn wọ́n. Oṣù Kọkànlá 2008 ni wọ́n rí èyí tó kẹ́yìn, síbẹ̀ wọ́n ń wá a títí di 2013 kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó fọwọ́ sí i pé ó ti tán.

Mo dábàá nípàdé pé ká máa ra káàdì ìpè fún ọmọ kan nílé, kó máa sọ fún wa ní gbogbo Sátidé bóyá omi ń yọ. Akápò wa bi mí pé ara ògiri wo la máa kọ ìyẹn sí.