Yanrìn Ẹnu Òkun Èkó

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Bí Èkó ṣe di ìlú tí gbogbo ayé ń bá ṣòwò ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òní ní ilé ìkàwé dá lé. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa àdéhùn 1861 tó fi Èkó sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sọ ti àwọn Sàró àti Àgùdà tó padà wálé láti Sàró (Sierra Leone) àti Brazil, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa. Yanrìn ni wọ́n fò kọjá. Bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe pé wọ́n ṣẹ́gun yanrìn, Èkó ì bá má rí ọkọ̀ ńlá kan gbà wọlé.

Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì ti ń wá bá etíkun wa. Kì í lù ú lójúkojú, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọ́ yanrìn láti ìhà Àgbádárìgì lọ sí ìhà Lẹ́kí tọ̀sán-tòru. Omi ọ̀sà ní tirẹ̀, ẹnu tóóró kan ló ń gbà jáde. Bó bá pàdé ìgbì níta, eré rẹ̀ á dín kù, yanrìn tó gbé dání á sì já sílẹ̀. Bí òkìtì abẹ́ omi ṣe hù nìyẹn. Kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, omi orí rẹ̀ kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 9 sí 12 lọ. Òkìtì náà kì í sì í dúró sójú kan, torí náà ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà lánàá lè má ṣeé gbà mọ́ bó bá yá.

Ọkọ̀ ńlá tó ń ti Liverpool bọ̀ nígbà náà á wá kọjá lọ sí Forcados, èbúté kan ní Niger Delta, ọkọ̀ kéékèèké á sì máa kó ẹrù Èkó padà láti ibẹ̀. Owó ọkọ̀ di ìlọ́po, ẹrù ń fọ́, òmíràn ń rin. Wọ́n ṣí rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ṣùgbọ́n kí ni kòkó tí ọkọ̀ ojú irin kó dé Ìddó fẹ́ ṣe bí kò bá rí ọkọ̀ òkun?

Ní 1907, ọkọ̀ agbẹ́yanrìn tó ń jẹ́ Egerton bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbígbẹ́ nìkan kò tó, nítorí ìgbì á tún kó òmíràn wá dí i. Láti 1908 ni wọ́n ti ń da òkúta sínú òkun, tí rélùwéè ń kó wá láti Abẹ́òkúta, kí wọ́n fi ṣe ògiri sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ẹnu náà. Iṣẹ́ méjì ni ògiri yìí ń ṣe: ó ń dá yanrìn tó ń rìn dúró, ó sì ń fún omi láàyè tóóró. Omi tó bá rí àyè tóóró á sáré, omi tó ń sáré á sì máa gbá ìsàlẹ̀ ara rẹ̀. Ní 1926, wọ́ọ̀fù Àpápá ti ń gba ọkọ̀ òkun.

Ìlà-oòrùn ló jẹ gbèsè rẹ̀. Yanrìn jókòó sí ìwọ̀-oòrùn ògiri, etíkun ibẹ̀ ń fẹ̀ sí i, ebi yanrìn sì ń pa Bar Beach, etíkun Victoria Island tó wà ní ìlà-oòrùn ògiri. Nígbà náà, ìjọba ń da yanrìn síbẹ̀ léraléra, òkun ń kó o lọ, nítorí ibi tí òmíràn ì bá ti wá ti dí. Ògiri Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi yanrìn dí òkun kọ́ níbẹ̀, tí wọ́n ṣètò kó gùn tó kìlómítà 8.5, dáàbò bo Victoria Island. Àwọn ará Òkun Àlfà, abúlé kan ní ìhà ìlà-oòrùn ibẹ̀, ní ọ̀dọ̀ àwọn ni ìyà náà ṣí lọ.

Omi jíjìn nìkan kò sì tó. Ní 1975, ìjọba pàṣẹ bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì, nígbà tó jẹ́ pé agbára èbúté Èkó kò ju bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ọkọ̀ tó lé ní 400 tò sójú òkun. Ojoojúmọ́ ni owó ìdúró, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún ọkọ̀ tó ń dúró láti já ẹrù, ń gun orí, ọkọ̀ jákujàku wá torí owó yẹn, ọ̀rinrin sì ń sọ sìmẹ́ǹtì di òkúta nínú wọn. Ìyẹn ló mú kí wọ́n sáré kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977.

Èbúté Lẹ́kí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, ní omi tó jìn tó mítà 16.5. Ọkọ̀ tí kò lè wọ Àpápá ń wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí i, ojú irin kankan kò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Tìrélà ló ń kó ọ̀pọ̀ kọ̀ntánà jáde, títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ náà ni wọ́n sì ń gbà.