Onímọ̀ àti Oníṣẹ́ Ọnà Létí Odò Àlà

Odò Àlà la ìlú Àkúrẹ́ já láti ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn lọ sí gúúsù ìlà-oòrùn, n kì í sì í kọjá lórí rẹ̀ láì wo ohun tí ó ń gbé lọ: ọ̀rá omi mímu, ike, àti pàǹtí tí àwọn ènìyàn dà sínú gọ́tà nígbà tí òjò ń rọ̀, pẹ̀lú ìrètí pé àgbàrá yóò bá wọn gbé e dànù. Àgbàrá a máa gbé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ afárá ni ó ń kó o jọ sí, láti ibẹ̀ sì ni omi ti ń ṣẹ́rí padà wọ ilé. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní í gbà fún un. Ó pẹ́ tí mo ti ń ronú lórí irú ìmọ̀ tí onílé náà nílò kí kíkọ̀ rẹ̀ tó lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó bá dé etí odò yìí yóò bèèrè iye omi tí ihò afárá lè gbà, onímọ̀ kẹ́míkà yóò sì bu omi sínú ìgò láti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbí lọ́dún 1981, abẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ àyíká kan náà ni wọ́n kó àwọn awọnlẹ̀, àwọn tí ń ṣètò ìlú, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà sí. Ètò yìí wù mí gan-an, àmọ́ ká jọ wà lábẹ́ òrùlé kan kò sọ pé a jọ ń ṣiṣẹ́.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń gbé yẹ̀ wò jù lọ ni ti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ní bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, àwọn kan ń gé igi ibẹ̀, àwọn mìíràn sì ń wá ilẹ̀ rẹ̀ tà. Susanne Wenger, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, fi iṣẹ́ ọwọ́ dáàbò bo igbó náà: òun pẹ̀lú àwọn bíríkìlà àti àwọn agbẹ́gilére ìlú tún àwọn ojúbọ kọ́, wọ́n sì fi yẹ̀pẹ̀ àti sìmẹ́ńtì mọ ère ràgàjì sáàárín igi. Ẹni tí ó bá fẹ́ gé igi yóò kọ́kọ́ kojú ère. Ìjọba sọ apá kan ibẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè lọ́dún 1965, wọ́n fẹ ààlà rẹ̀ lọ́dún 1992 títí ó fi kárí gbogbo hẹ́kítà 75, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Mo gbà tọkàntọkàn pé òfin nìkan kò lè ṣe é. Ìbọ̀wọ̀ tí ó ti wà lọ́kàn àwọn ènìyàn tẹ́lẹ̀ ni àwọn ère náà jí dìde.

Síbẹ̀, ère kò lè dá omi dúró. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, omi Ọ̀ṣun tí ń ṣàn gba inú igbó náà kọjá pọ́n bí ẹrẹ̀ nítorí àwọn tí ń wa góòlù lókè odò, ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà. Ojú lásán rí àwọ̀ omi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní irinṣẹ́ nìkan ni ó lè sọ bóyá májèlé wà nínú rẹ̀ àti bí ó ṣe pọ̀ tó. Ní ilẹ̀ àwọn ọmọ Ogoni ní ìpínlẹ̀ Rivers, òǹkọ̀wé Ken Saro-Wiwa ti ké tantan nípa epo tí ó ba ilẹ̀ àti omi wọn jẹ́ kí ìjọba ológun tó yẹgi fún un ní oṣù kọkànlá ọdún 1995. Ọdún 2011 ni àjọ àgbáyé tí ń rí sí àyíká tó gbé e jáde pé benzene, kẹ́míkà olóró tí ó máa ń wà nínú epo, inú omi kànga kan níbẹ̀ ju ìlọ́po 900 ohun tí àjọ ìlera àgbáyé fàyè gbà lọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó wà láàrin ikú ẹni tí ó ké igbe àti ìṣirò.

Ohun tí ń bà mí lẹ́rù nípa Àlà nìyẹn. Ìyá kan ní àdúgbò wa, tí odò kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn kan ti wá bu omi lọ fún àyẹ̀wò, kò sì sí ẹni tí ó padà wá sọ ohun tí wọ́n rí. Ó dùn mí. Àwọn oníṣẹ́ ọnà náà ní ẹ̀bi tiwọn: àwòrán tí wọ́n ń kùn pé kí a má da ìdọ̀tí sódò ń bá ẹni tí ó ru pàǹtí wí, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹni tí ó kọ́ ilé dí ọ̀nà omi, bẹ́ẹ̀ onímọ̀ ètò ìlú ìbá ti fi ilé náà hàn wọ́n bí wọ́n bá bèèrè.

Ní Sátidé tó kọjá, mo mú awọnlẹ̀ kan àti ayàwòrán kan, ọ̀rẹ́ mi ni àwọn méjèèjì, lọ kí ìyá náà. Lẹ́yìn tí a ti wí pé, “Ẹ káàárọ̀, Màmá,” ó mú wa lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ó ti ń fi èédú fa ìlà sára ògiri ní gbogbo ibi tí omi bá dé. Ó ní àwọn ọmọ òun fẹ́ kun ògiri náà lọ́dà, òun sì kọ̀, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ gba yàrá nínú ilé òun gbọ́dọ̀ rí i kí ó tó sanwó. Awọnlẹ̀ yọ tépù, ó ń wọn ìlà kọ̀ọ̀kan láti ilẹ̀. Ayàwòrán jókòó lórí àpótí, ó ń ya ògiri náà sínú ìwé. Ìlà tí ó ga jù lára ògiri náà dé igbáàyà mi. Ìyá ní kí a padà wá lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, kí a mú ohun tí a bá kọ dání, kí ó sì jẹ́ ní èdè Yorùbá, kí ọmọ òun lè kà á sí òun létí.