Lékeléke Tí N Kò Fún Ní Ẹfun

Ọ̀dà ni iṣẹ́ mi. Láti 1996 ni mo ti ń kọ pátákó ní Òkèsà, ní Adó-Èkìtì: ti onídìrí, ti aránṣọ, ti "Ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀". Bí mo bá ṣi lẹ́tà kan kọ, kò sí wàhálà. Màá jẹ́ kó gbẹ, màá fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́, màá tún un kọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Àfìgbà tí àbúrò mi tó ń ṣòwò ní Guangzhou, ní Ṣáínà, wálé Kérésì, tó kó ẹrù àwọn ayàwòrán ibẹ̀ wá fún mi: búrọ́ọ̀ṣì onírun méjì, òkúta pẹlẹbẹ kan, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, àti igi dúdú kan tí mo kọ́kọ́ pè ní oògùn. Yíǹkì ni. Dúdú èéfín ni wọ́n fi gúlù awọ ẹran pò, tí wọ́n jẹ́ kó gan. (Ẹ ò rí i pé àwọn kan ń fi pọ̀nmọ́ yàwòrán?) Ẹ ó kán omi sórí òkúta, ẹ ó máa yí igi náà lé e bí ìgbà tí ìyá àgbà bá ń lọ osùn. Bó bá pẹ́, á dúdú kirikiri. Bí ẹ bá bomi là á, á dà bí eérú.

Xuan ni wọ́n ń pe bébà náà. Ìpínlẹ̀ Anhui ni wọ́n ti ń ṣe é, èèpo igi àti koríko ìrẹsì ni wọ́n sì ń lò. UNESCO ti kọ ọgbọ́n ṣíṣe rẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá ní 2009. Èmi ò rí ti ìyẹn rò. Bó ṣe ń mu yíǹkì bí ilẹ̀ ṣe ń mu òjò àkọ́rọ̀ ni mo ń wò. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì lé e, mo ní kí n rò ó díẹ̀. Kí n tó rò ó tán, ojú ibẹ̀ ti di dúdú kan tó tó ìdérí ìgò. Kò sì sí ọ̀dà funfun tí màá fi bò ó.

Lékeléke ni mo fẹ́ yà, ẹyẹ tó ń tẹ̀lé màlúù lẹ́ẹ̀rùn, tá a máa ń na ìka sí ní kékeré pé kó fún wa léékánná funfun. Gbogbo wa la mọ̀ pé agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Mo tú àpótí àbúrò mi títí, n ò rí ẹfun. Ó ní bébà yẹn náà ni funfun rẹ̀. Kí n fi yíǹkì tó là dáadáa kun àyíká ẹyẹ, kí n má fọwọ́ kan ara rẹ̀. Àṣé àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni! Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní mú un.

Lékeléke kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣíbàtà, àdúrà ni lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà. Ohùn orúkọ ẹyẹ náà bá ti "ọ̀nà" mu, nítorí náà wọ́n ń yà á fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó máa yege lọ láìdúró. Ọmọ mi fẹ́ kọ JAMB. Ẹ mọ ohun tí mò ń wá.

Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà mí lọ́kàn nínú àwọn ayàwòrán wọn ni Bada Shanren (1626–1705). Ọmọ ìdílé ọba Ming, tó ń jọba ní Ṣáínà nígbà náà, ni. Ìjọba wọn wó ní 1644, ó sì lọ di ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà. Ẹyẹ rẹ̀ á fẹsẹ̀ kan dúró, ọrùn rẹ̀ á sunkì, ẹyinjú á sún lọ sókè bí ti ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Ìyókù bébà á ṣófo. Oníbàárà tèmi ò ní sanwó irú ẹ̀ láé! Wọ́n fẹ́ nọ́ńbà fóònù, ọfà, àwòrán obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ẹ̀ lórí pátákó kan.

Mo ba bébà méje jẹ́. Lórí ìkẹjọ, àyíká ẹyẹ gbẹ dáadáa, ara rẹ̀ yọ, mo fa ẹnu, mo tọ́ ojú, mo fa ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyàwó mi tẹjú mọ́ ọn.

"Bàbá Tóbi, ẹsẹ̀ kejì dà?"

Mo ní ó ká a sókè ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé yíǹkì ti tán lórí òkúta, ẹ̀rù sì ń bà mí láti lọ òmíràn.

"Kí ló wá ń bí i nínú?"